Omi Tí Ọkọ̀ Àtijọ́ Ń Mu

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ni ó ń gbé bídọ́ọ̀nù omi sẹ́yìn rẹ̀.

Èmi náà wà lára wọn. Ọdún méjì ni mo fi ń bu omi sí bâchée mi ní àràárọ̀, tí mo ń sọ pé ọkọ̀ àgbà ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ara mi ni mo ń tàn jẹ. Ọkọ̀ kì í mu omi. Ṣe ni omi náà ń yípo: yóò gba inú ẹ̀rọ kọjá, yóò gba ooru rẹ̀, yóò lọ tutù nínú radiateur, yóò sì padà. Bí ẹ bá bu omi sí i ní Ọjọ́ Ajé, tí ó sì dín ní Ọjọ́rú, ó ti gba ibì kan jáde.

Lọ́jọ́ kan, a ń ti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ fún ìgbéyàwó. A kò tíì dé Pobè nígbà tí abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó wọ ibi pupa, tí oruku funfun sì ń yọ níwájú ọkọ̀. Mo dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré mú àkísà láti ṣí ìdérí radiateur. Mo pariwo, ṣùgbọ́n ó ti yí i díẹ̀. Omi tú jáde fòò! Ó jó o láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀: ohun tí ó rí lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ ni ó fẹ́ ṣe.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú ìkòkò, omi a máa hó ní ìwọ̀n 100. Ṣùgbọ́n ìdérí radiateur há omi náà mọ́, tí ó fi lè gbóná ju 100 lọ láìhó. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fò sí yín lójú. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ lọ jókòó lábẹ́ igi títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tutù, ìbáà gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ̀rọ gbígbóná, irin rẹ̀ lè sán.

Láti mọ ibi tí omi ń gbà, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́. Láàárọ̀, ẹ fọwọ́ tẹ àwọn durite, èyíinì ni àwọn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá: èyí tí ó ti le gan-an tàbí tí ó ti là ní ìdí irin tí ó dè é, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo radiateur àti pọ́ǹpù omi náà, bóyá ipa omi gbígbẹ wà lára wọn. Bí páálí bá gbẹ tí omi sì ń dín, tí èéfín funfun kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná, tàbí tí epo ẹ̀rọ dà bí ògì tí a bu wàrà sí, ó ṣeé ṣe kí joint de culasse ti jó. Ẹ má wà á lọ síbì kankan mọ́, ẹ pe mẹ́káníìkì.

Mo mọ ẹnìkan tí ó fọ́ ẹyin sínú radiateur. Ẹyin dí ihò náà fúngbà díẹ̀. Ó dí àwọn ihò tí kò yẹ kí ó dí pẹ̀lú.

Ní ti omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà, àwọn kan ní ti ilẹ̀ òtútù ni. Lóòótọ́ yìnyín kò sí ní Kétu, ṣùgbọ́n ìpẹtà wà, omi yìí sì ń dènà rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣọ́ ọ o: ó máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé, fún ajá àti fún ewúrẹ́. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láé.

Durite kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ni ó ń jò ní tèmi. Ìdajì wákàtí ni mẹ́káníìkì fi pààrọ̀ rẹ̀. Bídọ́ọ̀nù náà ṣì wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo ti fa ilà sí i lára, kí n lè mọ̀ bí mo bá tún bu nínú rẹ̀.