Alùpùpù Ńlá Tòkunbọ̀ Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Rà: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará wa ní Minna, Bida, Kontagora, Kaduna, Jos àti gbogbo ibi tí òwò gbé wa dé ní òkè Ọya:

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la mú wá lónìí. Púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ Bajaj mọ́. Alùpùpù ńlá ni wọ́n ń wá, èyí tí wọ́n ń pè ní páwà báìkì, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn: tó ní àpótí ẹrù lọ́tùn-ún lósì, tó ní gíláàsì tó ń gba afẹ́fẹ́ níwájú, tí àga rẹ̀ fẹ̀ dáadáa fún èèyàn méjì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa gùn ún lọ sílé nígbà ọdún, láti Minna gba Bida, Mokwa, Jebba, wọ Ìlọrin, kí wọ́n tó forí lé Ògbómọ̀ṣọ́. A ò bá wọn jà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lè fi owó rẹ̀ ra ohun tó wù ú. Ohun tó ń dùn wá ni pé owó àjọ ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ni wọ́n ń kó lé èèyàn lọ́wọ́ láàrin wákàtí kan, nítorí pé nǹkan náà ń dán. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á wá bá àwa tí a ń ta páátì, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa wá a." Ibo la ti fẹ́ rí i?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì ni ọkàn alùpùpù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, owó ló máa jẹ. Ìwé tí kò dáa lè jẹ èèyàn fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára ọrùn alùpùpù, lábẹ́ ibi tí a ti ń tọ́ ọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ kà á níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé aṣọ́bodè àti ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá dà bí ohun tí wọ́n ti fi fáìlì ha, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ nípọn ju ti ibi yòókù lọ, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ. Wọ́n á ní torí ìwé ni owó rẹ̀ ṣe rọ̀. Irọ́ ni jàre.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àlejò ni wá níbí. Bí a ti pẹ́ tó, bí a bímọ síbí, bí a kọ́lé síbí, ọjọ́ tí wọ́n bá bá ohun olè lọ́wọ́ ọmọ wa ni wọ́n máa bi í pé ará ibo ni. Àwọn àgbà tó máa lọ bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, àwa yìí náà ni. Nítorí náà, tí orúkọ ẹni tó ń tà á kò bá sí nínú ìwé, ẹ béèrè rísíìtì tí òun náà gbà nígbà tó rà á. Ẹ san owó gba báńkì sí orúkọ ẹni tí ẹ rí, kí ẹ gba rísíìtì tó ní nọ́ńbà 17 yẹn lára. Kí ẹ sì mọ òfin ìpínlẹ̀ tí ẹ wà, torí pé ní àwọn ibì kan lókè Ọya ìjọba ti fòfin de alùpùpù ní àdúgbò kan tàbí ní àkókò kan. Ẹni tó bá ra ohun tí kò lè gùn jáde nílé, ère ló rà.

Tí ìwé bá ti dúró, ẹ wá bọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ fún ẹni tó ń tà á pé kó má sítáátì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá dé, ẹ na ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti ń bá a tàkúrọ̀sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ ra omi mu, kí ẹ dúró kó tutù. Ìgbà tó bá tutù ló máa ń jẹ́wọ́: bóyá ó ń le kó tó sítáátì, bóyá nǹkan ń dún kò-kò-kò nínú rẹ̀, bóyá ó ń rú èéfín. Èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ó ń mu ọ́ìlì. Èéfín dúdú, epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù, èyí sì ṣeé tún ṣe. Funfun díẹ̀ ní àárọ̀ kì í ṣe nǹkan kan, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán tí funfun náà kò dáwọ́ dúró, omi rádíétọ̀ ló ń wọ inú ibi tí iná ti ń jó. Ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá rí bíi Bournvita tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má bá wọn ná an.

Ibi tí wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mú ni mítà tó ń ka ìrìn. Alùpùpù tó ti Amẹ́ríkà tàbí ìlú Ọba dé, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Máìlì 1 jẹ́ kìlómítà 1.6. Nítorí náà, tí ẹ bá rí 30,000 lójú mítà, tí inú yín dùn pé kò tíì rìn púpọ̀, kìlómítà 48,000 lẹ ń wò yẹn. Ìyẹn ò burú fún ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé, torí wọ́n ṣe é fún ìrìn. Àmọ́ iye tí èèyàn máa san fún un kò gbọdọ̀ jẹ́ ti 30,000 kìlómítà. Mítà pàápàá ṣeé pààrọ̀. Ẹ fi ojú wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, àti àga. Tí àwọn yẹn bá ti jẹ tán tí mítà ṣì ń ka kékeré, ẹ mọ ẹni tó ń parọ́.

Ọ̀rọ̀ taya náà wà níbẹ̀. Lára taya, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí. Tí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Taya lè jókòó sínú ilé ní òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ojú rẹ̀ ṣì rí bíi tuntun, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan. Ẹ gbé irú rẹ̀ sórí ọ̀dà ní oṣù kẹta, nínú oòrùn Mokwa yẹn, pẹ̀lú èèyàn méjì àti ẹrù. Ẹ̀rù ń bà wá. Tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, ẹ ka owó taya méjì mọ́ owó alùpùpù náà, ẹ má jiyàn.

Alùpùpù kì í ṣubú kó má dápàá. Ẹ wo orí ibi tí ọwọ́ ń dì mú, etí bíréèkì, ibi ẹsẹ̀, àti ìdérí ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tí ike ara rẹ̀ bá jẹ́ tuntun tí irin abẹ́ rẹ̀ sì ní ìhà, wọ́n ti fi aṣọ bo egbò nìyẹn. Àwọn kan nínú èyí tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, ìjàǹbá tàbí omíyalé ti bá wọn rí, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti sanwó fún ẹni tó ni wọ́n, wọ́n wá tà wọ́n ní gbàǹjo. Ẹ tẹ nọ́ńbà 17 yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà míì, fọ́tò bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n tà á á jáde.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé iwájú rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, kí ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá há díẹ̀ ní àárín, bẹ́ríìnì ọrùn ti lọ. Ẹ wo ọ̀pá fọ́ọ̀kì bóyá ọ́ìlì ń sun níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ bíréèkì ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fi tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀. Ẹ fi mítà iná wọn bátìrì: bíi 12.6 nígbà tí wọ́n pa á, láàrin 13.5 sí 14.5 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí kò bá gòkè, kò ṣàjí nìyẹn, ẹ ò sì ní dé Bida. Iná ABS gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá, wọ́n lè ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ní tiwa, ohun tí a máa ń sọ fún ọmọ tó bá bi wá ni pé kó má ra èyí tó tóbi jù. Honda Gold Wing ẹlẹ́ńjìnnì 1,800 yẹn wuyì, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó sì ń sáré bí ẹni jókòó ní pálọ̀. Àmọ́ ó wúwo ju kìlógíráàmù 360 lọ. Tó bá dojú dé nínú ihò ojú ọ̀nà ní alẹ́, ta ló máa bá a gbé e? Ṣáàfù ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe ṣéènì. Ṣáàfù kì í dààmú èèyàn fún ìgbà pípẹ́, kò fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá bàjẹ́, Èkó ni ọ̀rọ̀ dé, nígbà míì òkè òkun pátápátá. Irú Suzuki V-Strom 650 fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣéènì ló sì ń lò, ṣéènì sì ṣeé rí. Ẹ fa ṣéènì náà sẹ́yìn níbi eyín irin ẹ̀yìn. Tó bá ń yọ sókè kúrò lórí eyín, tí eyín náà ti tẹ̀ bí ìwọ̀, ṣéènì àti irin méjèèjì lẹ máa rà pọ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì yín lọ, àmọ́ kí ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, yálà ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á. Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ló máa fún un ní nǹkan lẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò lè ríran lọ́jọ́ yẹn. Kí ìyàwó ilé náà mọ iye tí wọ́n fẹ́ san. Àwọn obìnrin wa mọ ọjà á ná ju àwọn ọmọkùnrin tí ojú ti wọ̀ lára nǹkan lọ. Kí ẹ fi owó ìbòrí méjì tó dáa sílẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi ṣẹ́ kù rà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos àti Kaduna, ta ló mọ mẹkáníìkì tó lè tú ṣáàfù kó sì tò ó padà lọ́dọ̀ yín? Àdúgbò tó wà nìkan ni kí ẹ kọ síbí fún wa, ọ̀pọ̀ ló ń béèrè.