Ogun kì í ṣe ìran wíwò

Mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Poland lọ sí Lviv ní Ukraine (ọkọ̀ òfuurufú ò balẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti oṣù kejì ọdún 2022). Ọjọ́ méjì, fọ́tò, ó tán. Àwọn ọmọ tiwa náà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ìgboyà nìyẹn.

Ìgboyà kẹ̀? Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ lápò? Nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, òfin ò jẹ́ kí ọkùnrin ọdún 18 sí 60 jáde nílùú. Bí sáírìn bá dún lóru, ìyá tó gbé ọmọ sá lọ sábẹ́ ilẹ̀ ò mọ ọjọ́ tó máa parí. Àlejò mọ tiẹ̀: ọ̀la ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni àwọn kan fi rìn dé ẹnubodè Poland nínú òtútù.

Ẹ ka Ọbadáyà 1:12. Ọlọ́run bá Édómù wí torí pé ó dúró, ó ń wòran ní ọjọ́ àjálù arákùnrin rẹ̀.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ o. Ẹni tó bá máa lọ, kó mú nǹkan dání fún wọn. Kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Peter àti Paul láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn ìkẹyìn fáwọn sójà, kó dúró jẹ́ẹ́, kó sì pa fóònù.