Ìpakúpa Ni, Kì í Ṣe Ìṣẹ̀lẹ̀

'Ìṣẹ̀lẹ̀ Lẹ́kí' ni àwọn aláṣẹ ń pe ohun tí ṣọ́jà ṣe ní alẹ́ 20 Oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí wọ́n yìnbọn sí àwọn ọ̀dọ́ EndSARS tó jókòó ní too-géètì, tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, àsíá lọ́wọ́ wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ kẹ̀? Bí àgbàrá bá ya wọlé, ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Ìbọn kì í ṣẹlẹ̀. Ènìyàn ní í yìn ín.

Ní Oṣù Kọkànlá 2021, ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi, tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ní a lè pè é ní ìpakúpa. Nínú oṣù kan náà, ìjọba náà kọ̀ ọ́. Lai Mohammed, mínísítà ìròyìn nígbà náà, ń tẹnu mọ́ ọn pé ìpakúpa tí kò ní òkú ni.

Ẹ jẹ́ kí a bi èdè wa léèrè. Ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ, ìpakúpa: nínú èwo ni iye wà? Ẹni tó jẹ ìjẹkújẹ, ta ní í ka òkèlè rẹ̀? Bí a ṣe ṣe nǹkan ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ìbáà bọ́ níbẹ̀, ìpakúpa ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òkè-Odò pàápàá. Ní Oṣù Keje 2023, ìwé ìnáwó ₦61,285,000 fún ìsìnkú òkú 103 tú síta. Ìjọba ní wọn kì í ṣe òkú Lẹ́kí, pé àwọn àdúgbò mìíràn ni a ti kó wọn. Abúlé-Ẹ̀gbá àti Ekoro wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. N kò sọ pé ìbọn ṣọ́jà ló pa àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n? Ta ló pa wọ́n? Òkú Lẹ́kí tilẹ̀ rí orúkọ tí a ń jà lé lórí. Ti ẹ̀yìnkùlé wa kò rí ìyẹn náà.