Ọ̀rọ̀ Nípa Àyà Tí Ń Lù Kìkì Lára Àwọn Ìyá

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé òjò ọdún kì í wọlé wẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í jáde wẹ́rẹ́. Nígbà tí ó bá ń bọ̀ ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ìjì a jà, àrá a sán. Nígbà tí ó bá sì ń lọ ní oṣù Kẹwàá, ìjì a tún jà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ a ṣubú, òrùlé a sì ṣí. Kò sí àgbẹ̀ tí ó gbọ́n tí yóò rí ìjì oṣù Kẹwàá kí ó sì wí pé oko òun ti parun, tàbí pé aládùúgbò òun ni ó rán an. Ó mọ̀ pé àkókò ni ó ń yí padà. Ṣùgbọ́n bí irú ìjì bẹ́ẹ̀ bá jà nínú ara aya rẹ̀, àgbẹ̀ kan náà kì í mọ ohun tí yóò rò. Nípa ìjì inú ara yìí ni ó yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ nínú ilé àwọn onígbàgbọ́, nítorí ìdákẹ́ tí a dákẹ́ lé e lórí ti da ilé púpọ̀ rú.

Bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Obìnrin kan tí ó ti tó ẹni ọdún 47 tàbí 50, tí kò ṣe àìsàn kan ju ibà lọ rí, dùbúlẹ̀ ní òru. Lójijì àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì kìkì, bí ti ẹni tí ajá lé. Ó dà bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó sì já lulẹ̀. Ooru gòkè láti àyà dé ojú, òógùn bò ó, aṣọ ìbora rẹ̀ sì tutù. Ó dìde jókòó, ó rò pé ikú dé. Kí ó tó ka 100, ó ti lọ. Ní ọjọ́ kejì ó lọ sí ọjà bí ìṣe rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òru kẹta ó tún dé.

Nígbà tí ó bá wá sọ ọ́, èsì mẹ́ta ni yóò gbọ́. Àwọn kan yóò wí pé ọwọ́ ayé ni, kí ó wádìí orogún tàbí ará ọjà tí ó ń bínú sí i. Àwọn mìíràn nínú ìjọ yóò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò jẹ́wọ́ ni ó ń lu àyà, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò wí pé ọjọ́ ogbó ni, kò sí nǹkan kan. Èsì kìíní ń sọ àpò di òfìfo, ó sì ń ba ìrẹ́pọ̀ tí a fi 20 ọdún kọ́ jẹ́. Èkejì ń fi ìtìjú kún ìpayà. Ẹ̀kẹta sì lè jẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn nítòótọ́ jókòó sílé títí yóò fi pẹ́ jù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kùnà.

Òtítọ́ rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí obìnrin bá ti bàlágà ni ilé ẹyin tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń ṣe oje kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́sítírójìn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e kiri gbogbo ara. Oje yìí wà lára ohun tí ń ṣe àkóso nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀: ó kan egungun, ó kan iṣan ẹ̀jẹ̀, ó kan oorun, ó sì kan apá ọpọlọ tí ń mọ bí ara ti gbóná tó. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ilé ẹyin ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn obìnrin ń dẹ́kun iṣẹ́ yìí. Kì í sì í dẹ́kun ní ọjọ́ kan. Fún ọdún mélòó kan, oje náà a pọ̀ ní oṣù yìí, a sì dín ní oṣù tí ó tẹ̀lé e; nǹkan oṣù a sì máa fo oṣù kan tàbí méjì. Nígbà tí oṣù 12 bá kọjá lẹ́sẹẹsẹ tí obìnrin kò rí i, nígbà náà ni a tó lè wí pé ó ti parí. Ní àkókò ìyípadà yìí ni ooru òjijì, òógùn òru, àìróorun sùn àti àyà tí ń lù kìkì a máa dé. Ìwé Mímọ́ kò tijú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 18 a rí i kà pé àkókò náà ti kọjá lára Sara. Kí ló dé tí ọkọ àti aya yóò fi tijú láti sọ ohun tí Ìwé Mímọ́ kò tijú láti kọ?

Ọkàn náà ńkọ́? Ní òkè rẹ̀ ni ibi kékeré kan wà tí ń pàṣẹ fún un, bí ìyá-ìlù ti ń darí omele. Nígbà tí a bá wà ní ìsinmi, ọkàn àgbàlagbà a máa lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan; èyí tó nǹkan bí 100,000 ìgbà ní ọ̀sán àti òru kan. Nínú ìlù tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu bí ọ̀kan bá yára dé ṣáájú àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti yára bẹ́ẹ̀, ọkàn a dúró díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a kún inú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìlù tí ó tẹ̀lé e a sì le. Ìyẹn ni obìnrin náà ń mọ̀ lára bí ẹni pé ọkàn òun fò, ó sì já lulẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí láìmọ̀. Ní òru, nígbà tí ilé bá dákẹ́, pàápàá bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ni a ń mọ̀ ọ́n lára jùlọ. Kì í ṣe pé ọ̀tá kan yan òru. Ìdákẹ́ ni ó jẹ́ kí a gbọ́ ìlù tí ń lù ní ọ̀sán pẹ̀lú.

Àníyàn a sì máa bù kún un. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, tàbí tí ọ̀ràn ọmọ, gbèsè tàbí ọ̀fọ̀ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ara a tú oje mìíràn, àdírẹ́nálìn, sínú ẹ̀jẹ̀, kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó lè jà. Oje yìí ni ó ń mú ọkàn sáré. Ó wúlò fún ẹni tí ó pàdé paramọ́lẹ̀ nínú oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pàdé owó ilé-ìwé lórí ibùsùn kò lè sá fún un, kò sì lè bá a jà. Àyà rẹ̀ a lù, ìlù náà a dẹ́rù bà á, ẹ̀rù náà a sì mú kí ó lù sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àìlera àwọn obìnrin ni èyí. Ní ọdún 1871, Jacob Da Costa, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ-ogun tí ó tọ́jú nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà. Ọkùnrin ni wọ́n, ọ̀dọ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀ àyà wọn ń lù, ó ń dùn wọ́n, èémí wọn sì ń kúrú. Iṣẹ́ líle ojú ogun àti ibà ni ó kà mọ́ ohun tí ó fà á, kì í ṣe ojo. Ara tí ó rẹ̀ tí kò sì rí ìsinmi ni ó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ṣé kí a fọwọ́ lẹ́rán? Rárá. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó ní ìloro ilé kí ó sì mọ èyí tí kò léwu yàtọ̀ sí èyí tí ó léwu. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà, àìsàn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ń gbé yọ ní ọrùn, àti àrùn ọkàn fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ni ó lè mú àyà lù kìkì. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà púpọ̀ ní àkókò ìyípadà lè pàdánù ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn yóò máa sáré láti fi ìwọ̀nba tí ó kù ṣe iṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a ó sì lo ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé. Nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ẹ̀rọ yìí ni a fi fún Willem Einthoven, ará Họ́láńdì, ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924. Ẹ̀rọ náà kò dunni, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Bí obìnrin bá dákú, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn nígbà tí àyà ń lù. Bí àyà bá ń dùn ún bí ẹni tí a gbé ọlọ lé. Bí èémí rẹ̀ kò bá tó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú. Bí ó bá ń dé nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ agbára. Bí kò bá dáwọ́ dúró, tàbí tí ó ń lù ségesège láìní ìwọ̀n. Tàbí bí ẹnì kan nínú ìdílé rẹ̀ bá ti kú lójijì ní èwe: kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ní ọjọ́ náà gan-an, kí a má ṣe dúró títí ọjà yóò fi tú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tún yọ lẹ́yìn oṣù 12 láìrí nǹkan oṣù kì í ṣe ọ̀ràn ọkàn, ṣùgbọ́n oníṣègùn gbọ́dọ̀ wò ó pẹ̀lú.

Bí oníṣègùn bá wá wí pé kò léwu, ibẹ̀ ni àṣìṣe mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà a gbọ́ ọ bí ẹni pé a pe òun ní elékèé. Ọkọ rẹ̀ a gbọ́ ọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Méjèèjì kò tọ́. Ohun tí kò pani kì í ṣe ohun tí kò sí. Jìgá kan ṣoṣo kì í pani, síbẹ̀ ta ni ó ní i lẹ́sẹ̀ tí ó ń sùn dáadáa?

Púpọ̀ ni obìnrin náà lè ṣe fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, kí ó jókòó, kí ó tú ohun tí ó dì mọ́ra, kí ó fa èémí láti imú títí yóò fi ka 4, kí ó sì tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi ka 6, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ó dín obì kù. Àbàtà àti gbàǹja ní èròjà kan náà tí kọfí àti tíì ní, èyí tí ń lé oorun lọ tí ó sì ń mú ọkàn sáré. Awakọ̀ a máa jẹ ẹ́ kí ó má bàa sùn. Kí ni ẹni tí ń wá oorun yóò fi í ṣe ní alẹ́? Kí ó yàgò fún tábà, áṣáà àti ògógóró. Kí ó mu omi tó, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Kí ó jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja. Kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bora. Kí ó má ṣe fi àgbo tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ kún oògùn tí a fún un, kí ó má sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra rẹ̀. Bí ooru àti òógùn bá ju èyí tí ó lè fara dà lọ, oògùn wà tí ó lè dípò oje tí ó ti dín. Ṣùgbọ́n kò yẹ gbogbo ènìyàn, oníṣègùn ni yóò sì yan ẹni tí ó yẹ.

Àlímánákì tí a fi ń mọ ọjọ́ gbíngbin náà wúlò níhìn-ín. Kí ìyá náà, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó mọ̀wé, fi pẹ́ńsù sàmì sí ọjọ́ tí àyà lù, kí ó kọ wákàtí tí ó dé, bí ó ti pẹ́ tó, ohun tí ó jẹ tàbí tí ó mu, àti bí ó ti sùn ní òru tí ó ṣáájú. Kí ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ó sì ka iye ìgbà tí ó lù ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ lè rí i pé ọjọ́ obì àti ọjọ́ àìsùn ni àmì náà pọ̀ sí. Oníṣègùn pẹ̀lú yóò sì rí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé, òun ni ó sì ṣòro jù. Àwọn kan yóò wí pé àwọn ìyá àtijọ́ la àkókò yìí kọjá láìsí ariwo. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àìpariwo kì í ṣe àìjìyà. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé àtijọ́, nígbà tí obìnrin bá fi di ẹni 50 ọdún, aya ọmọ rẹ̀ ni ó ń gún iyán, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń pọn omi. Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá, wọ́n sì ti fi àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ sílé. Ìyá náà ni ó ń ta èlùbọ́, òun ni ó ń wá owó ilé-ìwé, òun ni ó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó ti darúgbó, òun náà ni a sì ń yàn láti se oúnjẹ nígbà àjọ̀dún ìkórè. A ń yìn ín pé alágbára obìnrin ni, a sì ń gbé ẹrù lé ìyìn náà lórí.

Nígbà tí ọkàn wòlíì Èlíjà rẹ̀wẹ̀sì ní aginjù tí ó sì ń tọrọ ikú, bí a ti kọ ọ́ nínú Ìwé Kìíní Àwọn Ọba orí 19, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Wòlíì náà sùn, áńgẹ́lì sì jí i kí ó jẹun. Ó tún sùn, a sì tún fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn èyí ni a tó rán an níṣẹ́. Kí a gbàdúrà fún ìyá tí àyà rẹ̀ ń lù; ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó gbàdúrà dìde, kí ó gba ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó sùn.

Ohun tí ó tọ́ kò pọ̀, kò sì wọ́n. Kí ọkọ tẹ̀lé aya rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí a sọ. Kí àwọn ọmọ tí ó wà ní ìlú ńlá san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn tí ó ti la á kọjá sọ fún àwọn tí ó ń bọ̀, kí ọmọ ọdún 45 má bàa rò pé òun nìkan ni ó ń ṣe. Àwọn àgbà wí pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń yangàn, mélòómélòó ni nígbà tí àyà ìyá ẹni bá ń já. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ìjì yìí a rọlẹ̀ nígbà tí ara bá ti mọ àkókò rẹ̀ tuntun. Kí ó tó rọlẹ̀, kí a má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀ nínú òjò.