Ẹja Igi àti Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù tí ó kọjá, a jókòó ní Ọ̀fà Garage, ní ìlú Ìlọrin, a ń retí kí ọkọ̀ tí ń lọ sí Òmù-Àrán kún. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ibi ìrònú. Àwọn agbèrò ń ké orúkọ ìlú, àwọn tí ń ta omi àti búrẹ́dì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, olúkúlùkù sì ń wo ẹrù ara rẹ̀. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ọgbọ̀n ọdún nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò fi kọ́ wa, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà ni ẹja kékeré kan tí a fi igi gbẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí a ti kọ́ rí, tí ó ń gbé ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ni ó fi ta wá lọ́rẹ nígbà tí ó wá kí àwọn òbí rẹ̀. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gíláàsì ni ojú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ikùn rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tí ó dàbí aró kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ìjẹ ni, èyí tí àwọn apẹja fi ń tan ẹja ńlá.

Ẹja tí wọ́n fi í ń tàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní striped bass, ẹja abilà kan tí ń gbé inú òkun ní etí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ó sì máa ń gòkè wá sínú odò láti yé ẹyin. Ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ sì fà láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ dé ìrù. Ní ọdún 2011, a mú ọ̀kan tí ó wọn kìlógíráàmù 37. Ẹja kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà ni apẹja ṣe ń gbẹ́ igi ní àwòrán ẹja kékeré, tí ó ń so ó mọ́ okùn, tí ó ń jù ú sínú ìgbì, tí ó sì ń fà á padà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè máa rìn bí ẹja tí ara rẹ̀ kò dá.

Àwọn ará ibẹ̀ kò fi ojú kékeré wo ẹja yìí láti ìgbà pípẹ́ wá. Ní 1639, àwọn aláṣẹ Massachusetts ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ajílẹ̀ oko mọ́. Ní 1670, àwọn ará Plymouth pàṣẹ pé kí a fi owó tí ó ń wọlé láti inú ẹja pípa, tí ẹja abilà yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, dá ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin ará wa: ẹja ni ó san owó oṣù tíṣà! Nígbà tí àpajù mú kí ẹja náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n ṣe òfin ààbò fún un ní 1984, ó sì di 1995 kí wọ́n tó kéde pé ó ti bí sí i. Ní 2019 a tún rí i pé ó ti ń dín kù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin kó apẹja níjàánu.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fi ike ṣe irú ìjẹ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ní owó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ kò tán ní ilẹ̀ náà. Nínú yàrá iṣẹ́ lẹ́yìn ilé wọn ni wọ́n ti ń mú igi kédárì tàbí páìnì, tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ tàbí tí wọ́n ń yí i lórí ẹ̀rọ títí yóò fi ní ìrísí ẹja. Wọ́n ń lu ihò láti orí rẹ̀ dé ìrù, wọ́n sì ń ti okùn irin bọ̀ ọ́, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹja bá tilẹ̀ fi eyín fọ́ igi náà, ìwọ̀ kò ní já. Wọ́n ń ki òjé sí i níkùn, wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ sí i lẹ́nu kí ó lè máa rì, kí ó sì máa mi ara, wọ́n sì ń kùn ún kí omi má baà wọ inú igi. Àwọn apẹja a máa fi owó gọbọi rà á, nítorí pé wọ́n mọ ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ.

Kì í sì í ṣe ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní 1936, apẹja tálákà kan ní Fínláǹdì, Lauri Rapala, mú ọ̀bẹ, ó gbẹ́ ìjẹ láti inú irú èèpo igi fífúyẹ́ tí a fi ń dí ẹnu ìgò, ó sì fi bébà dídán tí a fi ń di ṣokoléètì bò ó lára. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìjẹ tí a ń tà káàkiri ayé.

Bí a ti ń yí ẹja igi náà wò ní Ọ̀fà Garage, awakọ̀ wa, ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ogójì ọdún, sún mọ́ wa, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kò rántí mi, sà?” A kò rántí rẹ̀. Ó ní kí a jọ̀wọ́, kí a jẹ́ kí òun wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ó gbé e lé orí ìka kan, ó wò ó bí ó ti ń mì sí ọ̀tún sí òsì, ó sì wí pé, “Wọ́n ki òjé sí i níkùn. Bí kò bá sí òjé yìí, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi lé lórí omi.” Ó ti di ọjọ́ kẹta tí ẹja náà wà lọ́dọ̀ wa, àwa olùkọ́, a kò sì mọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀.

A bi í pé níbo ni ó ti mọ èyí. Ó ní, “Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi, sà, ní agbègbè Òsì. Bí ó bá jẹ́ tiwa ni, igi ahùn ni à bá fi gbẹ́ ẹ, nítorí pé ó fúyẹ́.” Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ kò rántí ẹja tí ẹ jù sínú iná?”

Nígbà náà ni a rántí.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ ni wá, a sì ń kọ́ kíláàsì ní ìṣirò, nígbà tí a rí ọmọkùnrin kan tí ó fi abẹ gbẹ́ igi lábẹ́ tábìlì. A nà án. A bi í lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ère òrìṣà ni ó fẹ́ máa gbẹ́ kiri ayé rẹ̀ bí ti bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. A gba ẹja kékeré tí ó ti gbẹ́ tán dé ìrù, a sì jù ú sínú iná àwọn alásè. Nígbà náà, inú wa dùn pé a ti ṣe iṣẹ́ wa. Ọkùnrin náà kò fi ẹ̀sùn kàn wá. Ohun tí ó wí ni pé láti ọjọ́ náà òun kò gbẹ́ nǹkan mọ́, àti pé àwọn irin iṣẹ́ bàbá òun, ẹni tí ó ti di olóògbé, wà nínú àpótí ní ilé, wọ́n ti dógùn-ún.

Àwa tí a jẹ́ àlùfáà ni a kọ́kọ́ ní ẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. A rí ère lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, a kò sì rí ọwọ́ náà fúnra rẹ̀. A gbàgbé pé ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni a pe Olúwa wa, àti pé lọ́dọ̀ àwọn apẹja ni ó ti kọ́kọ́ yan àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ wa ń tọ̀ lọ ní ọjọ́ náà ni ọ̀nà Òsì-Ìlọrin, ìlú Aréògún, ẹni tí a kò lè ka àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá tán kí a má dárúkọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Aréògúnyánná, ń sọ nípa ẹni tí irin iṣẹ́ rẹ̀ ń mú owó wá fún, tí ó sì ń ná an fàlàlà. Nígbà tí àwọn fadá Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pè. Lọ́dọ̀ Bándélé ni Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ síwájú sí i, ẹni tí ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó sì di olóògbé ní 2009. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò rí bí ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ti lè gbé pọ̀. A rí i, a kàn kọjú sí ibòmíràn ni.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ kò ní ṣàìrántí ilẹ̀kẹ̀ làńtànà, tí àwọn baba yín ń fi òkúta pupa ṣe, tí ó sì gbé orúkọ ìlú yín dé ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀kẹ̀ òyìnbó dé, iṣẹ́ náà sì rẹ̀yìn. Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gi a máa náání èèpo igi. Àwa kò náání tiwa.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ta ni yóò fi ẹja igi pẹja ní ilẹ̀ wa? Àwọ̀n àti ìgèrè, àti ìwọ̀ tí a fi ekòló sí, ni àwọn baba wa ń lò, wọ́n sì ń jẹ ẹja.” Òótọ́ ni, ìjẹ igi kò lè bọ́ ìlú bí àwọ̀n. Ṣùgbọ́n nínú odò Ọya, láti Jẹ́bbà dé adágún Kainji, ẹja ńlá kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, èyíinì ni erin omi, tí oun náà ń jẹ ẹja kéékèèké. Àwọn àlejò ń náwó lọ sí Uganda àti sí Íjíbítì láti fi irú ìjẹ yìí tan ẹja kan náà. Ohun tí à ń wí kì í ṣe àlá.

Ṣùgbọ́n ọjà kọ́ ni olórí ìdí tí a fi kọ̀wé yìí, ẹ̀kọ́ ni. Ọmọ lè há ìdáhùn sórí, kí ó sì gba máàkì láìmọ ohunkóhun. Bí ó bá gbé ẹja igi tirẹ̀ lọ sí odò Àsà, omi kò ní bi í pé ọmọ ta ni, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òjé bá pọ̀ jù, yóò rì. Bí òjé bá yẹ̀ sí apá kan, yóò fi ẹ̀gbẹ́ lé. Bí ihò okùn rẹ̀ bá wọ́, yóò máa yí bí òkòtó. Ọmọ náà yóò mọ àṣìṣe rẹ̀ kí olùkọ́ tó la ẹnu. Ìṣirò tí a nà án lé lórí ní ọjọ́ náà ni ó ń ṣe lábẹ́ tábìlì, àwa ni a kò dá a mọ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ olùkọ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì san owó fún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí wọ́n má ṣe fi ìtọrẹ lé e lọ́wọ́. Èkejì, kí ẹ̀yin ìjòyè tí ń kọ́ ilé gbé iṣẹ́ ìlẹ̀kùn yín fún àwọn ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kù, kí iṣẹ́ náà lè bọ́ ẹni tí ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni nínú àwa tíṣà tí ó bá rí ọmọ tí ó ń gbẹ́ igi nínú kíláàsì kọ́kọ́ gba ohun náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wò ó dáadáa, kí ó tó wá pàṣán.

Ní Òmù-Àrán, nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a fi ẹja igi náà fún awakọ̀ wa, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé irin iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Sátidé kan. Kò ṣe ìlérí. Ó bi wá pé, “Tíṣà, eélòó ni wọ́n ń ta ọ̀kan?” A sọ iye tí a gbọ́ fún un, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fi ẹja náà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní àkókò tiwa yìí, àwa gbẹ́nugbẹ́nu pọ̀ ní ìlú, a sì ti sọ̀rọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a wá gbẹ́nàgbẹ́nà rí kí ó tó pẹ́ jù.