Ṣé òótọ́ ni pé ara ọmọ yín kọ oògùn?

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ìwé ìlera ọmọ yín, kí ẹ ṣí i. Ẹ ti lè kà á fúnra yín báyìí. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi gègé pupa kọ «allergique» sí i. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ó túmọ̀ sí pé ara ọmọ náà kọ oògùn kan.

Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ọmọbìnrin mi nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, wọ́n fún un ní àmókísílínì olómi. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ sú. Dókítà (ẹ mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun ni à ń pè bẹ́ẹ̀) wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ pupa yẹn. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Èmi náà tí mò ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, mi ò bi í. Fún ọdún mẹ́ta, oògùn mìíràn tó wọ́n jù ú lọ ni à ń rà.

Èrò mi ni pé kò yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ yẹn láìbéèrè àyẹ̀wò. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ara ọmọdé gbóná, àwọn náà máa ń mú ara sú. Ara á sú, oògùn á wà nílé, a ó sì ní oògùn ló fà á.

Ní ìlú Montréal ní Kánádà, àwọn dókítà yẹ ọmọ 818 wò, tí wọ́n rò pé ara wọn kọ àmókísílínì. Ní ọdún 2016 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́wàá oògùn tó yẹ kó mu. Wọ́n dúró fún 20 ìṣẹ́jú, wọ́n fún un ní ìyókù, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Nínú wọn, ọmọ 770 ni oògùn náà kò ṣe ní nǹkan kan.

Àmókísílínì yìí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣáájú fún òtútù àyà ọmọdé. Ọmọ tó sì ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní drépanocytose nílò pẹnisilíìnì lójoojúmọ́ nígbà kékeré rẹ̀. Àmókísílínì àti pẹnisilíìnì, ìdílé kan náà ni wọ́n. Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ pupa kan lè gbà lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò nílé! Ilé ìwòsàn ńlá ni, níwájú dókítà. Bí ètè tàbí ojú ọmọ bá wú láàárín wákàtí kan tó mu oògùn, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tó dákú, ẹ sáré gbé e lọ. Bí awọ ara bá ń bó bí ẹni tí iná jó, tí ẹnu di egbò, kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn yẹn mọ́ láé. Àyẹ̀wò kò sí fún irú èyí.

Ìyá kan sọ fún mi pé owó zémidjan dé ìlú ńlá pọ̀ jù nítorí ara tó sú tó sì ti lọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, ìgbà tí ohun mìíràn gbé wa lọ síbẹ̀ ni mo tó béèrè. Wọ́n ṣọ́ ọmọ mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń ṣeré. Dókítà fa igi lé ọ̀rọ̀ pupa náà, ó kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó bi wá léèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nìyí: oògùn wo ni? Ọjọ́ mélòó ni ó ti mu ún kí ara tó sú? Báwo ni ó ṣe rí? Ẹni tó ra oògùn ẹyọ-ẹyọ lọ́jà kò ní lè dáhùn. Nítorí náà, bí ara ọmọ yín bá sú, ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi páálí rẹ̀ sínú ìwé ìlera ọmọ.