Ẹran tí a há mọ́ ọgbà, ta ni ọdẹ rẹ̀?

 

Àbúrò mi kan tó wà lókè òkun fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oko ńlá kan ní Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n yà. Wáyà tó ga ju mítà méjì lọ ni wọ́n fi yí oko náà ká. Ọkùnrin kan jókòó sínú ahéré kékeré kan, ìbọn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àkókò tó, ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé kọ́ da àgbàdo sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn àgbọ̀nrín sì ń yọ wá jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́ ilé. Ọkùnrin náà yan èyí tí ìwo rẹ̀ tóbi jù, ó yìn ín níbọn, ó kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ya fọ́tò. Ó parí. Àbúrò mi wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí owó ṣe ń wọlé! Ṣé a ò lè fi wáyà yí ilẹ̀ bàbá wa ká ní Kpoulou, kí àwọn òyìnbó wá máa yìnbọn níbẹ̀?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn ní gbangba, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú rẹ̀.

Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa àgbọ̀nrín oníwo ńlá nínú ọgbà ní Texas lè san ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là lórí ẹran kan ṣoṣo. Èyí tí ìwo rẹ̀ bá kàmàmà lè ju 10,000 dọ́là lọ, ìyẹn sì ju mílíọ̀nù 5 sefa lọ. Kì í ṣe torí ẹran jíjẹ. Orí àti ìwo ni wọ́n ń rà, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Bí ìwo bá ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa sin àgbọ̀nrín nítorí ìwo, bí àwa ṣe ń sin adìẹ nítorí ẹyin. Wọ́n ń yan akọ tó dáa, wọ́n ń ta àtọ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi nọ́ńbà sí ẹran létí, wọ́n ń bọ́ ọ ní oúnjẹ inú àpò. Tó bá dàgbà tán, wọ́n á tà á fún ọlọ́gbà, ọlọ́gbà á tú u sínú wáyà, oníbàárà á sì wá sọ pé òun wá ṣọdẹ.

Ẹ̀yin ọdẹ àtàtà, ẹ gbà mí o, kí là ń pe ìyẹn? Nílé wa níbí, ẹni tó bá so ẹran mọ́lẹ̀ kó tó pa á, alápatà là ń pè é. Iṣẹ́ alápatà kò burú, òun ló ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n alápatà kì í gbé orí màlúù kọ́ sára ògiri kó wá ní kí gbogbo ayé yẹ́ òun sí pé akin ni òun.

Ọdẹ yàtọ̀. Àwọn ọdẹ tí mo bá láyé máa ń wọgbó lálẹ́ pẹ̀lú àtùpà níwájú orí. Wọ́n lè rìn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kí wọ́n má rí eku. Ẹtu ní etí, ó ní imú, ó ní ẹsẹ̀. Ó lè sá lọ. Pé ó lè sá lọ yẹn gan-an ló sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ ọdẹ. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Síbẹ̀ ọdẹ ń pín ẹran rẹ̀ fún ará ilé àti aládùúgbò. Ìyà wo ni ẹni tó jókòó ti àgbàdo jẹ nínú tirẹ̀? Owó ló san.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ará oko ni mò ń sọ. Ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Boone and Crockett Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1887. Àwọn ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìwo tó tóbi jù. Wọn kì í gba ẹran tí wọ́n bá pa nínú ọgbà tí kò lè jáde níbẹ̀. Lọ́dún 2000, àwọn ará Montana dìbò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa sanwó láti yìnbọn fún ẹran nínú ọgbà mọ́. Àwọn ọdẹ gan-an wà lára àwọn tó léwájú nínú ìjà náà.

Ìyẹn ni ti ìwà. Ẹ jẹ́ ká wo ti ìnáwó, torí iye tó wà lójú ìwé kọ́ ni gbogbo iye tí nǹkan ń náni.

Àkọ́kọ́ ni àìsàn. Àrùn kan wà tó ń ba ọpọlọ àgbọ̀nrín jẹ́, CWD ni wọ́n ń pè é. Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lára àgbọ̀nrín tí wọ́n há mọ́ ọgbà, lọ́dún 1967. Lọ́dún 2015, wọ́n rí i nínú ọgbà tí wọ́n ti ń sin àgbọ̀nrín ní Texas. Ẹran tó bá mú á máa rù ni títí yóò fi kú, kò sì sí oògùn rẹ̀. Itọ́, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ló ń gbé e kiri, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a bá kó ẹran jọ síbi kan, tí a tún ń fi ọkọ̀ kó wọn láti oko dé oko, àrùn ti rí ẹṣin gùn nìyẹn. Ẹni tó ni ọgbà ti gbowó rẹ̀ tán. Owó ìlú ni wọ́n fi ń yẹ ẹran wò káàkiri lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ín. Ní South Africa, òfin kan jáde lọ́dún 1991 pé ẹni tó bá ṣe ọgbà tó dáa tó yí ẹran ìgbẹ́ ká, òun ló ni ẹran náà, kódà bó bá já jáde. Ẹ rò ó wò. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú lánàá ti di ti ẹnì kan lónìí, wáyà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá a débi pé wọ́n ń bí kìnnìún sínú ọgbà bí ẹlẹ́dẹ̀, kí olówó lè wá yìnbọn fún un. Lọ́dún 2021, ìjọba wọn fúnra wọn sọ pé àwọn fẹ́ fòpin sí i, torí ó ti ń ba orúkọ orílẹ̀-èdè náà jẹ́.

Àbúrò mi lè sọ pé, "Ṣebí wọ́n máa ń gba owó ọdẹ ní Pendjari, ní òkè lọ́hùn-ún, tẹ́lẹ̀?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ọdẹ Porga, ti Batia àti ti Konkombri, lẹ́bàá ọgbà ẹranko Pendjari, kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnì kan fi wáyà ká mọ́ ara rẹ̀. Ẹran ń wọlé, ẹran ń jáde. Àwọn ará abúlé ní ẹgbẹ́ tiwọn, AVIGREF, ètò náà nígbà náà sì ni pé kí ìdá 30 nínú 100 owó ọdẹ máa lọ sọ́dọ̀ wọn fún iṣẹ́ abúlé. Bí a bá fẹ́ bá a wí lórí àwọn nǹkan mìíràn, a lè bá a wí, ṣùgbọ́n ìlú ní ìpín níbẹ̀.

Síbẹ̀, Pendjari kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí àwọn àlejò ará Faransé méjì gbé níbẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ọgbà W, ẹ̀mí lọ sí i. Àlejò bẹ̀rù, owó dínkù. Bí ibi tí ètò wà, tí ìlú ní ìpín, bá lè rí bẹ́ẹ̀, àwa tí a fẹ́ fi oko wa ṣe ìdúródè òyìnbó ńkọ́? Bí àlejò kò bá wá mọ́, ta ni wáyà máa kù sí lọ́wọ́?

Ohun kan wà tí àwọn ọlọ́gbà máa ń sọ tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní ọgbà ń gba ẹran lọ́wọ́ ìparun. Ẹran kan wà ní aṣálẹ̀ tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ bí àdá, oryx ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2000 wọ́n kéde pé kò sí i nínú ìgbẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ wà nínú oko olówó ní Texas. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà sí ilẹ̀ Chad lọ́dún 2016, agbo tí wọ́n kó jọ ní Abu Dhabi ni wọ́n ti mú un, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sanwó láti yìnbọn fún un. Ìtọ́jú ló dá ẹran padà sígbó.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Ilẹ̀ wa ní Kpoulou, ọ̀pẹ ló wà lórí rẹ̀, àgbàdo ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti tòmátì. Ọgbà ẹran kò lè wà lórí pápá bọ́ọ̀lù méjì. Ilẹ̀ tó lọ salalu ló ń fẹ́. Oko ta ni yóò wọ inú wáyà? Ọ̀nà odò ta ni yóò dí? Níbo ni àwọn ìyá wa yóò ti máa ṣẹ́gi? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé irú rẹ̀ wá, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí kí ẹ tó tẹ̀ka. Kí ẹ sì bi í ní ẹ̀kẹrin: kí ni ìpín ìlú, níbo ni wọ́n sì kọ ọ́ sí?

Kí a má sì dá òyìnbó nìkan lẹ́bi o. Àwa náà la pa ẹtu aboyún. Àwa la ń dáná sun ìgbẹ́ lọ́dọọdún nítorí eku méjì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá wà ní Kpoulou lónìí tí kò tíì fojú kan àgbọ̀nrín rí. Ẹ̀bi yẹn ti wa ni.

Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹran ìgbẹ́ fún owó, kó sin ọ̀yà. Láti àwọn ọdún 1980 ni orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú Jámánì ti ṣiṣẹ́ lórí sísin ọ̀yà ní Godomey, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń sin ọ̀yà kò pe ara rẹ̀ lọ́dẹ. Ó ń sin ín, ó ń tà á, a ń jẹ ẹ́. Òótọ́ inú wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ẹran padà wá, kó bá wa dáàbò bo àwọn igbó òrìṣà tó ṣẹ́ kù. Lọ́dún 2012 ìjọba fọwọ́ sí àṣẹ kan tó jẹ́ kí irú igbó bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ìwé òfin. Àwọn baba wa náà mọ ọgbà ṣe, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ọgbà tiwọn, ìbọn ló ń lé síta. Ọgbà inú fídíò tìrẹ, ẹran ló ń há mọ́lé.

Mo ti dá ọ lóhùn. Bí o bá ń bọ̀ wálé lọ́dún yìí, mú owó wáyà yẹn wá. A ó fi ra irúgbìn igi.